Ọmọ mi ń sọ Geordie, ṣé kí n wá tíṣà tó máa tún ohùn ẹ̀ ṣe?

Màmá Tòbí: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sunderland là ń gbé, ibí la bí ọmọ wa ọkùnrin sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí, Geordie, Òyìnbó àwọn ará Newcastle tó wà nítòsí wa, ló sì ń sọ ṣáá. Tó bá ní ká máa lọ á ní "howay mam", tó bá fẹ́ lọ sílé á ní òun fẹ́ "gan hyem". Ìyá àgbà ẹ̀ pè láti Òṣogbo, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan, irú Òyìnbó wo nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Surrey wá ń sọ pé kí n tètè gba tíṣà tó máa kọ́ ọ ní Òyìnbó àwọn tó ń ka ìròyìn, pé tó bá dàgbà tó lọ fún intafíù wọn ò ní kà á sí. Owó tíṣà ọ̀hún wọ́n o. Ṣé kí n san án ni àbí kí n fi ọmọ sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Bùkì: Ẹ má san kọ́bọ̀ màmá. Ní ọsibítù wa ní Newcastle níbí, dókítà àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an Geordie ló fi ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé kò kàwé. Tí bàbá arúgbó kan bá sì ní "me heed's gannin roond", ẹni tó dàgbà níbí ló máa tètè mọ̀ pé òòyì ló ń kọ́ ọ, àwa tá a ti Nàìjíríà dé á ṣì máa wò ó lẹ́nu.

Olóyè Peckham: Màmá ẹ san án, ẹ má dá wọn lóhùn. England tí mo mọ̀, kó o tó sọ gbólóhùn kan tán wọ́n ti mọ irú ilé tí wọ́n ti bí ẹ. Margaret Thatcher, ọmọ onísọ́ọ̀bù ní Grantham ni, ó gba àwọn tó bá a tún ohùn ẹ̀ ṣe kó tó di olórí ìjọba lọ́dún 1979. Tí ohùn Grantham bá tó gbé e débẹ̀, kí ló ń yí i padà sí?

Dáyọ̀ Leeds: Olóyè ẹ parí ìtàn ọ̀hún. Lọ́dún 1983 tára ẹ̀ gbóná nílé aṣòfin, "frit" ló pe àwọn alátakò, ìyẹn pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ Lincolnshire pọ́ńbélé. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ yẹn, ilé ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Akin Wearside: Ẹ dúró ná. Ọmọ tí wọ́n bí ní Sunderland kì í sọ Geordie. MACKEM, ohùn àwa ará Sunderland, ló ń sọ. A kì í sì í sọ "howay" níbí, "ha'way" la ń sọ. Màmá ẹ tún ọmọ yín gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: 😂😂 Akin, ọkọ̀ ojú irin Metro lásán ni mo ń wọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ohùn kan náà ni jàre, Geordie kékeré ni yín.

Akin Wearside: Geordie kékeré kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ìtàn ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Lọ́dún 1644 tí ogun abẹ́lé wọn ń jà, ẹ̀yìn ọba ni Newcastle wà, ẹ̀yìn ilé aṣòfin ni Sunderland wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tá ò ti jọ jẹun pọ̀.

Baba Àdùkẹ́: Ṣé ọmọ náà gbọ́ Yorùbá? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Tọ́lá_B: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí "pet" yìí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò wa, gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé "ye alreet pet?" Ìgbà wo ni mo di ajá lọ́wọ́ wọn?

Nọ́ọ̀sì Bùkì: Ó fẹ́ràn ẹ ni Tọ́lá, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà bá ní "olólùfẹ́ mi" ni. Dá a lóhùn.

Tọ́lá_B: Mo ti ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀, torí búrẹ́dì ẹ̀ gbóná.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ohun tó ń dun mi nínú ọ̀rọ̀ màmá yìí ni pé ilé la ti kó àìsàn yẹn wá. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ò gbọdọ̀ sọ "ulé" àti "uṣu" ní kíláàsì, tíṣà á ní ará oko. Torí pé Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi túmọ̀ Bíbélì tó jáde lódindi lọ́dún 1884, ni wọ́n fi ń pe tiwa ní àṣìsọ. Àwọn tí wọ́n nà torí "ulé" ló wá bímọ sí Sunderland tí wọ́n tún fẹ́ na ọmọ torí "hyem". Mi ò fara mọ́ ọn láéláé. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó sọ ohùn ibi tí wọ́n bí i sí.

Kúnlé Ìbàdàn: Èwo wá ni Ọ̀yọ́ o. Àwa Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ń fi "sọ́ọ̀sì" bú, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà sì wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Kúnlé mi ò rẹ́rìn-ín rí.

Kúnlé Ìbàdàn: Ẹ rẹ́rìn-ín.

Olóyè Peckham: Ẹ ń fi ìmọ̀lára sọ̀rọ̀. Òfin ni kẹ́ ẹ wò. Equality Act 2010 tí wọ́n ń lò níbí ka nǹkan mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ yan èèyàn jẹ, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ẹ̀yà wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Asẹ́ǹtì ìlú tí wọ́n ti bí ẹ ò sí níbẹ̀. Tí ẹni tó ń ṣe intafíù bá gbọ́ Geordie tó yínmú, ibo lẹ máa mú ẹjọ́ ẹ̀ lọ? Ọmọ dúdú ni ọmọ yẹn, ẹrù kan ti wà lórí ẹ̀, ẹ wá fẹ́ gbé méjì lé e.

Bọ́lá Boro: Olóyè òótọ́ wà níbẹ̀ o. Steph McGovern, ọmọ Middlesbrough tó máa ń ka ìròyìn okòwò lórí BBC nígbà kan, ó sọ fún ayé pé ẹnì kan fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí òun, ogún pọ́n-ùn wà nínú ẹ̀, pé kóun fi tún ohùn òun ṣe. Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo kà á. Ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà, iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fowó ránṣẹ́ ló fi owó ẹ̀ ṣòfò.

Dáyọ̀ Leeds: Ẹ tún gbọ́. Nígbà ogun Hitler, lọ́dún 1941, Wilfred Pickles, ọmọ Halifax ní Yorkshire níbí, ni BBC fi sídìí ìròyìn, "good neet" ló ń kí àwọn ará àríwá tó bá ń parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ bínú, wọ́n láwọn ò lè gba ìròyìn gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ìròyìn kan náà o! Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú ẹ̀. Ẹ wo bí ọkàn èèyàn ṣe rí.

Akin Wearside: Kí ọ̀rọ̀ má baà yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbọ́n Gateshead ò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Kí ni kí n dá ẹ lóhùn sí? Ojú odò Tyne ni wọ́n ti kan Carpathia, ọkọ̀ tó lọ kó àwọn tó yè nínú Titanic lọ́dún 1912. Newcastle ni wọ́n ti ṣe Rocket, ẹ̀rọ rélùwéè Stephenson, lọ́dún 1829. Newcastle ni Joseph Swan ti tan iná gílóòbù han aráyé lọ́dún 1879. Ìlú tó ṣe gbogbo ìyẹn ló ni ohùn, ẹ̀yin kàn ń sín in jẹ ni.

Akin Wearside: Háà! Ẹ̀gbọ́n!! Joseph Swan ọmọ ibo ni? SUNDERLAND ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1828!! Ọmọ wa tó wá tan iná fún yín nínú òkùnkùn lẹ fi ń yangàn!

Tọ́lá_B: 😭😭😭 Akin ti pa ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Ibi tí wọ́n bí èèyàn sí kọ́, ibi tó ti ṣiṣẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ̀gbọ́n ẹ rọra, gbogbo wa níbí Nàìjíríà la bí wa sí o.

Scouse Ṣadé: Ẹ̀yin ará àríwá ìlà oòrùn ẹ simi ariwo. Ohùn Liverpool lọba. Ìyàn mú ní Ireland láàárín 1845 sí 1852, ògìdìgbó wọn ló bọ́ sílẹ̀ ní èbúté wa, àwọn ará Wales náà wà níbẹ̀, àwọn atukọ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà dé, ibẹ̀ lohùn wa ti jáde. Àwọn bàbá wa wọ ọkọ̀ Elder Dempster ní Èkó, Liverpool ni wọ́n sọ̀ sí, àwọn kan ò padà sílé mọ́, ọmọ ọmọ wọn wà ní Toxteth lónìí, Scouse ni wọ́n ń sọ tẹ́lòmíì sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé ohùn ẹlòmíì ni. Àwọn náà ló ni ín.

Baba Àdùkẹ́: Mo tún bi yín o. ṢÉ ỌMỌ NÁÀ GBỌ́ YORÙBÁ???

Kúnlé Ìbàdàn: Baba wọn ti gbọ́ yín.

Baba Àdùkẹ́: WỌN Ò DÁHÙN. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá ìyá ẹ̀ ò lè bá sọ̀rọ̀ láti Òṣogbo, ẹ ń jà lórí Geordie àti Mackem. Ká ní ó gbọ́ Yorùbá, ṣé ìyá àgbà á máa bi í irú Òyìnbó tó ń sọ?

Folúkẹ́ Bristol: Èmi ò ka gbogbo ẹ̀ tán o, mo kàn rí asẹ́ǹtì. Ẹ ò tíì gbọ́ tiwa. Orúkọ ìlú wa gan-an, Brycgstow ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ ló so L mọ́ ọn nídìí, gbogbo ayé wá gbà á bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó ń ka ìròyìn. Ohùn wa ti wọ máàpù!

Olóyè Peckham: Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n intafíù ni màmá béèrè. Ẹ SAN OWÓ TÍṢÀ. Kó ní ohùn méjì, kó lo ti ilé nílé, kó lo tòde lóde.

Nọ́ọ̀sì Bùkì: Olóyè ẹ tún padà síbi tẹ́ ẹ wà. Ohùn méjì ọ̀hún, ó máa ní in fúnra ẹ̀ láìsanwó. Àwọn ọmọ mi ń sọ Geordie fún ọ̀rẹ́, wọ́n ń yí i tí wọ́n bá ń bá tíṣà wọn sọ̀rọ̀, wọ́n tún ń ṣe bíi tèmi tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ta ló kọ́ wọn? Ohun tí tíṣà yẹn máa kọ́ ọmọ ni pé ojú ń tì wá torí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n.

Tọ́lá_B: Ẹ wo ọ̀rọ̀ H náà. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé a ń jẹ H, pé a ń fi H síbi tí kò yẹ. Mo dé London, "'ouse" ni wọ́n ń sọ fún "house"! Wọ́n ti jẹ H tán! Geordie ló ṣì ń pè é pé.

Akin Wearside: Ẹ má gbé ìyẹn fún Geordie nìkan o.

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Akin, ife bọ́ọ̀lù wo lẹ gbà láìpẹ́ yìí? Àwa gba League Cup ní Wembley lọ́dún 2025, a na Liverpool 2-1. Ṣadé, jọ̀ọ́ má bínú.

Scouse Ṣadé: Mi ò dá sí i. Ẹ lọ ka iye tá a ti gbà.

Akin Wearside: FA Cup 1973! A na Leeds 1-0, Leeds tó le nígbà yẹn!

Dáyọ̀ Leeds: Kí ni mo ṣe fún yín báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: 1973, wọn ò tíì bí bàbá Akin.

Akin Wearside: Wọ́n ti bí bàbá mi o ẹ̀gbọ́n, Iléṣà ló wà, ẹ má wọ bàbá mi sínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Mo tọrọ gáfárà fún ti bàbá. Ti 1973 mi ò tọrọ gáfárà.

Màmá Tòbí: Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin ará. Mo lọ bi ọmọ náà léèrè, ó ní òun kì í ṣe Geordie, Mackem lòun, ó sì bínú sí mi. Ti tíṣà ńkọ́ báyìí?

Akin Wearside: MO SỌ BẸ́Ẹ̀!!! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ọmọ mi! Màmá ẹ bá mi kí i, ẹ ní ha'way!

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Olóyè Peckham: Màmá, ẹ san án.

Nọ́ọ̀sì Bùkì: Màmá, ẹ má san án.

Ṣọlá_tuntun: Ẹ kú ìjókòó o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Sunderland fún ilé ìwé. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀lùbọ́ gidi?

Ẹ̀gbọ́n Gateshead: Newcastle ni kó o wá. Wọ Metro.

Akin Wearside: Ṣọlá má dá wọn lóhùn, ẹ̀lùbọ́ wà ní Sunderland, mo ń fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ẹ báyìí báyìí.