Rírà kọ́, yíyá ni: bí ìròyìn Ṣáínà ṣe ń dé inú ìwé ìròyìn tí kì í ṣe tirẹ̀

Wọ́n tún ti gbé e dé. Lọ́sẹ̀ yìí, àlejò kan lórí ètò òwúrọ̀ rédíò là á mọ́lẹ̀ pé Ṣáínà ti ra ilé iṣẹ́ ìròyìn Áfíríkà tán, pé ti Amẹ́ríkà ló kù. Atọ́kùn ètò ní "hẹn-ẹn", ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Kò bi í pé èwo ni wọ́n rà, ta ló tà á, èló ni wọ́n san, ọdún wo sì ni.

Ká ní ó bi í ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ní orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ní àwọn ń yá ọkọ̀ ẹlòmíràn wọ òkun. Ọkọ̀ kì í ṣe tiwọn, atukọ̀ kì í ṣe tiwọn, ẹrù nìkan ni tiwọn. Ẹni tó bá ń wá ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ kiri kò ní rí ẹrù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibi tí ẹ̀rí ti pọ̀ jù ni kí a kọ́kọ́ lọ. China Daily ni ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Ṣáínà ń darí. Ọdún 1981 ló bẹ̀rẹ̀. Láti 1983 ló ti forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní FARA, èyí tó ní kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ilẹ̀ òkèèrè máa kọ iye owó tó ná sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ wọn ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 fi hàn pé láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó ti san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 4.6 dọ́là fún Washington Post, ó sì san ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6 dọ́là fún Wall Street Journal. Kí ni owó yẹn rà? Ojú ewé ni. Àfikún kan wà tó ń jẹ́ China Watch. Àwọn òṣìṣẹ́ China Daily ló ń kọ ọ́, àwọn ló ń tò ó, ìwé ìròyìn tó gbowó kàn ń fi sáàrin tirẹ̀ ni. Ní gbogbo àsìkò tí owó ń wọlé yìí, Jeff Bezos ló ni Washington Post, ilé iṣẹ́ ìdílé Murdoch ló sì ni Wall Street Journal. Owó yẹn kò ra ìpín kan ṣoṣo nínú wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ogun owó ibodè láàrin Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ti gbóná. Àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa ń gbin ẹ̀wà sóyà, Ṣáínà sì ni oníbàárà ńlá tó ń rà á. Lọ́jọ́ Sunday kan, àfikún olójú ewé mẹ́rin jáde nínú Des Moines Register, ìwé ìròyìn tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ń kà, tó ń ṣàlàyé fún wọn bí ìjà náà ṣe ń ba ọjà wọn jẹ́, tó sì tún ń rán wọn létí pé Xi Jinping, ààrẹ Ṣáínà, ti dé Iowa rí, pé ó gbádùn ibẹ̀. Trump gbé àwòrán rẹ̀ sórí Twitter pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó ṣètò èyí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gan-an. Kí ló fẹ́ fi ìwé ìròyìn odindi ṣe, nígbà tí ojú ewé mẹ́rin lọ́jọ́ kan ti tó?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Daily Telegraph gbé China Watch fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́dún 2020. Àdéhùn parí, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ẹni tó ra ilé ni wọ́n ń lé jáde bẹ́ẹ̀?

Ti rédíò tún yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè gba àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters tú àṣírí bí China Radio International, rédíò ìjọba Ṣáínà, ṣe gba ẹ̀gbẹ́ òfin náà kọjá. Ó kéré tán, rédíò 33 ní orílẹ̀-èdè 14 ló ń gbé ètò rẹ̀ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló wà láàrin: ọ̀kan ní California, ọ̀kan ní ìlú Tampere ní Finland, ọ̀kan ní Melbourne ní Australia. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti China Radio International ló ní ìdá 60 nínú 100. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń ṣe ètò, tí wọ́n sì ń háyà àkókò lórí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ní àṣẹ. Rédíò WCRW, tó ń gbóhùn dé ìlú Washington, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 33 náà. Bí ẹ bá lọ wo orúkọ ẹni tó ni àṣẹ nígbà náà, ẹ ò ní rí Ṣáínà níbẹ̀. Bí ẹ bá tan rédíò, òun lẹ máa gbọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2021, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ CGTN, tẹlifíṣàn ìjọba Ṣáínà, nítorí pé Star China Media Limited, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kò ní agbára kankan lórí ohun tí wọ́n ń gbé jáde.

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ojú ewé tí wọ́n fowó rà, ó ṣì ní àkọlé ìpolówó lórí. Èyí tí kò ní ni ti Xinhua, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba Ṣáínà. Ọdún 1931 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìròyìn yìí sílẹ̀ ní Ruijin, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kọ ìròyìn kí àwọn ilé ìròyìn mìíràn lè lò ó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí Xi Jinping lọ sí Róòmù, Xinhua bá ANSA, ilé iṣẹ́ ìròyìn Ítálì, tọwọ́ bọ̀wé pé kí ANSA máa gbé ìròyìn Xinhua bí 50 jáde lójúmọ́ ní èdè Ítálì. Àjọni àwọn ilé ìwé ìròyìn Ítálì ni ANSA. Wọn kò tà á fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, Xinhua àti Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn Nàìjíríà, NAN, ń pín ìròyìn fún ara wọn. Ẹ ronú sí bí ó ṣe ń rí ní yàrá ìròyìn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ìwé ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ojú ewé ìròyìn òkèèrè sì ku àlàfo ọ̀rọ̀ 600. Dọ́là ni Reuters, AFP àti AP ń gbà. Ti Xinhua sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí owó pọ́ọ́kú, ó ti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, ó sì ní àwòrán tirẹ̀. Olóòtú mú un, ó dí àlàfo náà, ó relé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì pa irọ́ kankan. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe irọ́: iye ọjà, bọ́ọ̀lù, omíyalé, ìpàdé àwọn ààrẹ. Àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan Xinjiang, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Uyghur ní Ṣáínà, tàbí Taiwan tàbí Hong Kong. Níbẹ̀, ohun tí wọn kò kọ ló ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n kọ lọ, òǹkàwé kò sì lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2016, Xi Jinping fúnra rẹ̀ lọ sí Xinhua, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn ìjọba pé Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni kí wọ́n máa jẹ́ ní orúkọ ìdílé.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Nígbà tí NAN bá gbé e, ó máa ń kọ "(Xinhua/NAN)" sí ìsàlẹ̀. Ìwé ìròyìn tó gbà á lọ́wọ́ NAN lè gé ìlà yẹn kúrò nítorí àyè, tàbí kó kọ "Agency Report" dípò rẹ̀. Tí ìkànnì kejì bá tún dà á kọ, orúkọ ti pòórá pátápátá. Ṣáínà kọ́ ló gé e.

Wọ́n á tún ní, StarTimes ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Ṣáínà ni, díkódà tẹlifíṣàn ló ń tà. Lóòótọ́ ó bá NTA da ilé iṣẹ́ kan pọ̀, ní Zambia náà ó gba ìdá 60 nínú 100 nínú ilé iṣẹ́ TopStar, ZNBC, tẹlifíṣàn ìjọba ibẹ̀, sì gba 40. Páìpù tí ètò ń gbà kọjá nìyẹn, ó sì yẹ ká ṣọ́ ẹni tó di páìpù mú. Ṣùgbọ́n yàrá ìròyìn NTA, ìjọba Nàìjíríà ló ń darí rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti pé wọ́n ń kó akọ̀ròyìn lọ sí Beijing fún ọ̀pọ̀ oṣù ńkọ́? Òótọ́ ni, láti 2014. Ìyẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù akọ̀ròyìn ló ń yí padà, àwọn tó máa kọ́kọ́ pè nígbà tó bá ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀ sí ìròyìn rẹ̀.

Ó dáa, ẹ̀yin náà ní ẹyọ kan. Ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà gba ìdá 20 nínú 100 nínú Independent Media, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, akọ̀ròyìn wọn kan, Azad Essa, kọ̀wé nípa ìyà tó ń jẹ àwọn Uyghur, kíá ni wọ́n fòpin sí àyè tó ti ń kọ̀wé níbẹ̀. Ó burú, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni, ìdá 20 ni, òun náà ni gbogbo ayé sì ń tọ́ka sí nígbàkúùgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń kà, ẹ yé wá orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn ìròyìn náà bóyá Xinhua wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ odindi ojú ewé, ẹ wo lẹ́tà wínníwínní tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé China Daily ló ṣe é. Fún ti Amẹ́ríkà, ẹ lọ sí fara.gov, ẹ wá China Daily Distribution Corporation, kí ẹ ṣí ìwé tí wọ́n pè ní Supplemental Statement, tó ń jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ibi tí wọ́n to owó tí wọ́n ná sí ni kí ẹ kà. Bí kò bá sí orúkọ kankan lára ìròyìn, ẹ mú gbólóhùn kan láti àárín rẹ̀, kì í ṣe àkọlé, nítorí àkọlé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí. Ẹ fi í sáàrin àmì àyọlò lórí Google, kí ẹ fi "Xinhua" kún un, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde.