Ìlànà Ọdún 1981 Kò Ka Wàrà Agolo Léèwọ̀

Ẹ kọ ọ́ pé ìlànà lórí títa wàrà agolo, ìyẹn wàrà tí a ń fún ọmọ ọwọ́ dípò ọmú, tí Àpérò Ìlera Àgbáyé (ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé) fọwọ́ sí lọ́dún 1981, kò fún ìyá láyè láti ra wàrà náà fún ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Àwọn tó ń tà á ni ìlànà náà ń bá wí: wọn kò gbọdọ̀ polówó rẹ̀ fáráyé, wọn kò sì gbọdọ̀ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún abiyamọ. Ọ̀fẹ́ yìí gan-an ló ń ká mi lára jù, nítorí bí ọmọ bá ń mu wàrà ọ̀fẹ́ náà, tí kò sì fa ọmú déédéé mọ́, omi ọmú á máa dín kù, nígbà tí ọ̀fẹ́ bá sì tán, kí ni ìyá náà tún fẹ́ yàn? Ìlànà kan náà ló ní kí òṣìṣẹ́ ìlera fi bí a ṣe ń lo wàrà agolo han ìyá tó bá nílò rẹ̀.