Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan
Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀rù ikú ló ń mú wa sin Ọlọ́run. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, tí ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, wọn ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Mo ní láti gbé etí sún mọ́ ètè wọn kí n tó gbọ́. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà? Àbí ẹ̀rù ló mú Rabia ará Basra, obìnrin Mùsùlùmí olùfọkànsìn ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Iraq, tí wọ́n ní ó gbàdúrà pé bó bá jẹ́ ẹ̀rù iná ọ̀run àpáàdì lòun fi ń sin Ọlọ́run, kí Ó sun òun níbẹ̀? Lóòótọ́, àìní ló kọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀ wa kúnlẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ń tọrọ nígbà náà ti dé tipẹ́. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ láràárọ̀.