Jẹnẹrétọ̀ Ló Ń Bá Wọn Rìn

Ẹ̀yà èèyàn tuntun kan ti dé sí Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ọrùn ọwọ́ òsì wọn ni kí ẹ wò. Aago dúdú pẹlẹbẹ kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò mọ sórí kí ó sọ pé agogo mélòó ló lù. Iye ẹsẹ̀ téèyàn gbé ló ń kà. Ẹ lè máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú lọ́wọ́, kí aago náà gbọ̀n rìrì, kí wọ́n fò dìde, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí pálọ̀ ká bí ẹni tó sọ owó nù. "Ẹ má bínú o, ó ní mo ti jókòó jù." Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Aago ni.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ni mò ń bá wí. Tẹ́lẹ̀ rí, ta ló nílò aago kó tó rìn ní Èkó yìí? Ìlú fúnra rẹ̀ ló ń fi tipátipá dá wa lára yá. Ẹni tó bá fẹ́ débi iṣẹ́ láago mẹ́jọ á sáré lé dánfó ní Berger, á gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Ójọ́tà, á dúró lórí ìlà BRT títí orúnkún á fi fẹ́ yẹ̀, á tún fi ìgbọ̀nwọ́ jà kó tó ríbi jókòó. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó mọ́lé nítorí Kòrónà, àwọn ọ̀gá sì rí i pé iṣẹ́ ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ bàtà. Nígbà tí ìjọba tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti padà sí ọ́fíìsì tún rọra gba ilé lọ. Wọ́n ní owó ọkọ̀ fẹ́ pa àwọn. Òótọ́ sì ni. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀.

Àmọ́ ikùn ò mọ̀ pé epo ti wọ́n. Kò pẹ́ tí bẹ́líìtì fi ń kọ̀ láti dé.

Ni Bàbá Ìbejì tó ń gbé lókè wa bá lọ ra treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí ẹ̀ láìkúrò lójú kan. Wọ́n gbé e dé, NEPA ò múná wá. Ọjọ́ kejì, kò sí iná. Kí ni kó ṣe? Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó lè yé yín dáadáa: ọkùnrin tó jókòó sílé nítorí owó epo ń da epo sínú jẹnẹrétọ̀ kó lè fẹsẹ̀ rìn. Ó sì rìn o! Bí wọ́n bá na ìrìn ọ̀hún gbọọrọ, ì bá ti dé Ìbàdàn, kò tíì kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé, òun náà ń mí gúlegúle, ó ń fà á símú, ó ní ẹ̀dọ̀fóró òun ti ń le sí i. Ìyá oníbúrẹ́dì ò ju ilé mẹ́rin sí wa lọ, fóònù ni Bàbá Ìbejì fi ń pè é pé kó bá òun gbé búrẹ́dì gòkè wá.

Ìyá Ìbejì ní tiẹ̀ kò bá ẹ̀rọ lò. Olùkọ́ ló gbà, orí Zoom ni wọ́n ti ń pàdé láàárọ̀. "Ẹ lóṣòó! Ẹ dìde! Ẹ tún lóṣòó!" Ẹ̀yin náà ẹ rántí, àbí? Ìyà tí tíṣà ìṣirò fi ń jẹ wá lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, ìyá wa á sì gbé ìbínú lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Nísinsìnyí owó oṣù ni wọ́n ń san fún un. Ìyàwó yìí kan náà ló ra ẹ̀rọ tó ń gún iyán, tó fi odó ta ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ, ó ní apá ń ro òun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra irin méjì tó ń gbé sókè sódò. Ọmọ odó tó fi tọrẹ wúwo ju irin ọ̀hún lọ, iyán sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ọkọ náà ò kẹ̀rẹ̀. Nígbà ọdún Kérésì, ìka kan ló fi kan ilẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì gbé fídíò ẹ̀ sórí Instagram.

Èyí tó wá ń lé oorun lójú tèmi ni 10,000. Bí aago ò bá tíì ka ẹsẹ̀ 10,000, Bàbá Ìbejì ò ní sùn. Aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ó máa gbọ́ gbì, gbì, gbì lórí àjà. Mo bi í pé ta ló fún wọn ní iye yẹn. Ó ní àwọn dókítà ni. Dókítà wo? Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló gbé e jáde ní 1965, ọdún tó tẹ̀ lé Òlíńpíìkì Tokyo, nígbà tó ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Wọ́n fi 10,000 sínú orúkọ ọjà náà kó lè tà. Ní 2019, I-Min Lee ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí àwọn àgbà obìnrin ní Amẹ́ríkà: ikú ò tètè mú àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lóòjọ́ tó àwọn tó ń rin 2,700, nígbà tí yóò sì fi tó nǹkan bí 7,500, èrè ò tún lé sí i mọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Bàbá Ìbejì lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ìlara ń ṣe mí.

Bẹ́ẹ̀ kọ̀ńdọ́ ló ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dẹ́rẹ́bà jókòó látàárọ̀. Kọ̀ńdọ́ ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àìsàn ọkàn mú àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 mira lọ́sẹ̀, wọ́n sì ka iṣẹ́ ilé mọ́ ọn. Ilẹ̀ gbígbá wà níbẹ̀, aṣọ fífọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ rí tó ya fọ́tò ara ẹ̀ nídìí ọpọ́n aṣọ?

Ní oṣù tó kọjá, ọ́fíìsì Bàbá Ìbejì dá ìdíje sílẹ̀ lórí WhatsApp: ẹni tó bá rìn jù láàárín oṣù kan á gbẹ̀bùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ipò kejì sí ìkẹyìn ló wà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bú jáde. 14,000! 16,000! "Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun!" Èmi tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà ni mo ń ronú. Àṣé ó ti bọ́ aago lọ́wọ́, ó ti dè é mọ́ ọmọge tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé lọ́wọ́. Aago márùn-ún òwúrọ̀ lọmọ náà ti ń pọnmi gòkè, nítorí ẹ̀rọ omi ò ṣiṣẹ́. Ó gbálẹ̀, ó fọṣọ, ó lọ sọ́jà, ó bọ̀, ó tún lọ ra ata tí wọ́n gbàgbé. Kí oòrùn tó kàn átàrí, ọ̀gá ti rin 10,000.

Ni Iléyá bá dé, ọmọge ní òun ń lọ sí Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Ìbejì rin 412. Lọ́jọ́ kejì, 380. Ọ̀rọ̀ di gbọnmi-si-i-omi-ò-to-o lórí WhatsApp: ṣé kò sí o? Ó ní ibà ni. Àwọn ará ọ́fíìsì dáwó, wọ́n fi èso ránṣẹ́, akọ̀wé wọn ń bá a gbàdúrà lórí fóònù. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́ àná nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń bẹ ọmọge náà lórí fóònù pé: "Jọ̀ọ́, ìgbà wo lo máa dé? Gbogbo ọ́fíìsì ló ń béèrè ẹ."