Oògùn Oṣù Mẹ́rin, Oṣù Karùn-ún Ńkọ́?

Bílíọ̀nù 4.8 náírà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Kejì ọdún 2025, láti fi ra ìdì oògùn HIV 150,000, dára, a sì kí wọn. Àwọn aṣòfin náà ti fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera nínú ìṣúnná. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni wọ́n dá fún rírà oògùn náà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní kòkòrò yìí lára ní Nàìjíríà ń lọ sí mílíọ̀nù méjì, títí ayé ni wọn yóò sì máa lò ó. Oṣù karùn-ún ńkọ́?

Ó pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ lójú ewé yìí pé ìlú tí kì í fowó ara rẹ̀ ra oògùn ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti ń bá wa gbé ẹrù yìí lábẹ́ PEPFAR, ètò ìrànwọ́ wọn fún ìtọ́jú HIV. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń dìbò. Pé ìjọba Trump dá owó ìrànwọ́ dúró lóṣù Kínní ọdún 2025, tó tún yọ̀ǹda oògùn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ní Abuja wa níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí lọ́dún 2001 pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúnná ni àwọn yóò máa ná sórí ìlera. Tiwa lọ́dún 2025 kò tó ìdajì ìyẹn.

Oògùn yìí kì í ṣe oògùn ibà. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, kòkòrò náà á rẹlẹ̀ débi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí i mọ́, kò sì ní ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Tó bá dáwọ́ dúró, kòkòrò á tún gbérí. Tó bá ń lò ó ségesège, ó lè dé ibi tí oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ fún un mọ́.

Àwọn kan wà tó ń ki òwú sínú ìgò oògùn kí hóró rẹ̀ má baà máa dún nínú báàgì, kí ará ilé má baà béèrè. Ẹni tó ti ń fara da èyí fún ọdún mẹ́wàá, ṣé òun náà la fẹ́ sọ fún pé oògùn kò tíì dé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀?

Ó ti sú wa láti máa ka owó nínú ìwé. Òfin Ìlera ọdún 2014 ya ìdá kan nínú 100 owó tó ń wọlé fún Ìjọba Àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Ó di ìṣúnná 2018 kí wọ́n tó rántí fi í síbẹ̀. Mílíọ̀nù 200 dọ́là yìí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kí Mínísítà Ìlera àti ti Ìṣúná máa kéde lóṣooṣù: èló ló jáde, ìgò mélòó ni wọ́n rà, ilé ìwòsàn wo ló gbà á, ní Ṣakí, ní Ìkàrẹ́, níbi gbogbo.

Oògùn tí wọ́n bá fi owó yìí rà, bó pẹ́ bó yá, yóò tán. Kí wọ́n sọ fún wa ibi tí òmíràn yóò ti wá.