Ibo ni ká ti rìn?

Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwa ará Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ò fẹ́ràn ìdárayá, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí gan-an. Dókítà ní kí ìyá mi máa rin ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ torí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì gbà. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń jáde ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, gọ́tà ṣí sílẹ̀ lápá kan, ọ̀kadà ń sáré lápá kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dígí ọ̀kadà kan fi gbá wọn ní ìgbọ̀nwọ́. Inú ọgbà ilé ni wọ́n ti ń rìn báyìí, láti ẹnu kànga dé ìdí máńgòrò, wọ́n á tún yí padà.

Ẹ̀gbọ́n kan fèsì pé àwọn ìyá ọlọ́jà ń rìn tó. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sídìí àtẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi dárayá ò le rárá, bí ibi ìrìn bá wà. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bo gọ́tà, kí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ títì sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì ṣí pápá ilé ìwé ìjọba fún aráàdúgbò nírọ̀lẹ́.