Kì í ṣe èédú tó ń lọ sókè òkun ni àwọn òṣèlú Ọsirélíà ń jà lé lórí

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nípa Ọsirélíà rèé: ẹgbẹ́ Labor fẹ́ ti ibùdó ìwakùsà èédú pa nítorí ojú ọjọ́, ẹgbẹ́ Liberal àti Nationals, tí wọ́n jọ máa ń ṣèjọba pọ̀, ló ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní bí Labor bá ti wọlé ìbò pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ tó ń kó èédú lọ sí Éṣíà máa dúró. Àwọn òṣèlú fúnra wọn ń sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìpolongo ìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Labor wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n tún wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, síbẹ̀ Newcastle ní ìpínlẹ̀ New South Wales kò kúrò lára àwọn èbúté tó ń kó èédú jáde jù lọ láyé. (Èédú inú ilẹ̀ là ń wí o, tí wọ́n ń fi katakata gbẹ́, kì í ṣe èédú igi tí a fi ń sun àgbàdo.)

Ìjà wà, ìjà gidi sì ni, ó ti lé olórí kúrò lórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2009, Malcolm Turnbull pàdánù ipò olórí Liberal fún Tony Abbott pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo, 42 sí 41, torí pé Turnbull fẹ́ gbè lẹ́yìn àbá Kevin Rudd, olórí ìjọba Labor nígbà náà, pé kí àwọn iléeṣẹ́ máa sanwó èéfín wọn. Ọjọ́ kejì gan-an ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà da àbá náà nù. Ẹgbẹ́ Greens, tí ọ̀rọ̀ àyíká jẹ lógún jù, náà dìbò takò ó, wọ́n ní kò le tó. Julia Gillard ti Labor, tó gba ipò lọ́wọ́ Rudd, wá gbé owó A$23 lé tọ́ọ̀nù èéfín kọ̀ọ̀kan láti oṣù keje ọdún 2012, ìjọba Abbott sì fagi lé e ní oṣù keje ọdún 2014. Turnbull wá di olórí ìjọba, ó tún bọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 lẹ́yìn tí àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ètò iná mànàmáná tó gbé kalẹ̀. Peter Dutton, olórí Liberal, gbé iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà lọ síbò ọdún 2025, ó ní òun máa kọ́ ọ sí ibi méje tí iléeṣẹ́ amúnáwá oníèédú wà tàbí tó ti wà rí. Ó fìdí rẹmi, àga tirẹ̀ gan-an nílé aṣòfin sì bọ́.

Ẹ tún wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó èéfín, iná mànàmáná, núkílíà: ohun tí wọ́n ń jó nínú ilé tiwọn ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó fọwọ́ kan èédú tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi. A$23 Gillard yẹn kan àwọn amúnáwá, ó kan gáàsì methane tó ń jáde látinú kòtò ìwakùsà, ṣùgbọ́n èédú tí Japan máa lọ jó, kọ́bọ̀ kò gun orí rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí àgbáyé ṣe ń ka èéfín. Lábẹ́ ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, orílẹ̀-èdè tó jó èédú ló ni èéfín rẹ̀, kì í ṣe èyí tó tà á. Tọ́ọ̀nù kan èédú tí wọ́n fi ń múná wá ní agbára bíi gigajoule 27 nínú, gigajoule kọ̀ọ̀kan sì ń tú bíi kìlógíráàmù 90 carbon dioxide jáde. 27 lọ́nà 90 jẹ́ 2,430, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2.43. Ọkọ̀ kan tó bá kó 80,000 tọ́ọ̀nù kúrò ní Newcastle, èéfín 194,400 tọ́ọ̀nù ló gbé lọ. Nínú ìwé ìṣirò Ọsirélíà, èyí tí katakata, ọkọ̀ ojú irin àti methane ibi ìwakùsà fà nìkan ló máa wọlé, ìyókù di ti Japan tàbí Taiwan. Èédú tí wọ́n ń tà sókè òkun lọ́dún lé ní 300 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ẹ fi 2.43 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti kọjá 720 mílíọ̀nù. Gbogbo èéfín tí Ọsirélíà ń kà mọ́ ara rẹ̀ lọ́dún kò sì pé 500 mílíọ̀nù.

Ibí ló ń dùn wá jù. Ẹgbẹ́ kan lè ṣèlérí pé òun máa dín èéfín kù ní 43%, kó sì mú ìlérí náà ṣẹ pátápátá, láìjẹ́ pé tọ́ọ̀nù kan dín kù nínú ohun tó ń tà. Kò purọ́, òfin ló gbà á láyè. Àmọ́ ooru tó ń mú wa kò béèrè ìwé ta ni wọ́n kọ èéfín sí.

Ta ló wá ń fúnni láṣẹ láti wa èédú? Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ibùdó tuntun á kọ́kọ́ gba àṣẹ láti wádìí ilẹ̀ wò, á ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àyíká, kí ìpínlẹ̀ tó fún un níwèé àṣẹ ìwakùsà. Ìjọba àpapọ̀ ń gba ẹnu òfin àyíká ọdún 1999 wọlé. Òfin náà ń wò ó bóyá iṣẹ́ náà máa pa ẹranko tó ń tán lọ lára, bóyá ó máa ba omi jẹ́ (ọdún 2013 ni wọ́n fi ti omi kún un fún èédú àti gáàsì), bóyá ó máa kan iyùn òkun Great Barrier Reef. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tó ní kí mínísítà kọ ibùdó kan sílẹ̀ torí èéfín tí èédú rẹ̀ máa tú nílẹ̀ àjèjì.

Ẹ mú Carmichael, ibùdó iléeṣẹ́ Adani ní Queensland. Mínísítà àyíká ti Liberal, Greg Hunt, fọwọ́ sí i ní 2014. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà ní 2015, torí pé mínísítà kò gbé ìwé tí wọ́n kọ nípa alángbá kan àti ejò kan yẹ̀ wò. Hunt tún fọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Àṣẹ tó kù, èyí tó kan omi abẹ́ ilẹ̀, ìjọba Labor ti Queensland ló fún wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló ní ọwọ́ nínú ibùdó kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí Labor gba ìjọba àpapọ̀, mínísítà wọn, Tanya Plibersek, kọ ibùdó kan tó jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ Clive Palmer ní oṣù kejì ọdún 2023. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n ní ìlérí ojú ọjọ́ ti ń ṣẹ. Ìdí tó sọ ni pé ibẹ̀ sún mọ́ iyùn òkun jù, ó sì máa ba omi jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òun kan náà fọwọ́ sí i kí wọ́n fẹ ibùdó mẹ́ta lójú ní New South Wales.

Owó ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ tí iléeṣẹ́ ń san fún ìpínlẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ní Queensland, ìjọba Labor fi ìpele mẹ́ta kún un láti oṣù keje ọdún 2022. A$100 àkọ́kọ́ nínú owó tọ́ọ̀nù kan ń san 7%. Láti 100 sí 150, 12.5%, láti 150 sí 175, 15%, láti 175 sí 225, 20%, láti 225 sí 300, 30%, ohun tó bá lé ní 300 ń san 40%. Bí èédú bá tà ní A$250, ẹ ṣírò: 7, 6.25, 3.75, 10, àti 7.50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ A$34.50. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, tí kò kọjá 15% lókè, A$28.25 ni. Bí owó bá fò dé A$350, ti tuntun di A$69.50, ti àtijọ́ A$43.25. Àwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà figbe ta. Nígbà tí ẹgbẹ́ alátakò, LNP (Liberal àti Nationals tó di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Queensland), ń polongo ìbò ní 2024, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní yọ ìpele náà. Wọ́n wọlé, wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó yẹn ń wọ inú àpò kan náà tí wọ́n fi ń sanwó nọ́ọ̀sì àti tíṣà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ èédú dúró gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti máa rí i.

A kò sọ pé ìyàtọ̀ kò sí láàárín wọn. Greens kò fẹ́ ibùdó èédú tàbí gáàsì tuntun kankan, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba. Labor ti fi 43% títí di 2030 sínú òfin, wọ́n sì ti kéde 62% sí 70% fún 2035, ní ìfiwéra pẹ̀lú ọdún 2005. Nationals kọ ìlérí òdo èéfín ọdún 2050 (pé èéfín tí wọ́n ń tú kò ní ju èyí tí wọ́n ń fà padà lọ) sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Liberal sì tẹ̀ lé wọn nínú oṣù kan náà. Ohun tó sún mọ́ ibi ìwakùsà jù ni ètò Safeguard, tí ìjọba Liberal dá sílẹ̀, tí Labor wá mú le láti oṣù keje ọdún 2023. Ibùdó tí èéfín tirẹ̀ bá lé ní 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún ló kàn, ìwọ̀n tí wọ́n gbà á láyè sì ń dín ní 4.9% lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n gbà láyè 500,000 ní ọdún yìí á ní 475,500 lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá kọjá, á ra ìwé ìdápadà èéfín, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹlòmíràn ti dín èéfín kù. Ká ní ibùdó kan fi 40,000 tọ́ọ̀nù kọjá, tó sì ra ìwé náà ní A$75, iye tó ga jù lọ tí ìjọba dá lé e ní ọdún àkọ́kọ́. Mílíọ̀nù 3 dọ́là ni. Bí ó bá wa mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù èédú lọ́dún yẹn, sẹ́ńtì 60 ló gun orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wé A$34.50 ìṣákọ́lẹ̀.

Ohun tó ń gbé ọjà èédú sókè tó ń gbé e sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ṣáínà kọ èédú Ọsirélíà láti ìparí ọdún 2020 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 torí aáwọ̀ ìjọba sí ìjọba. Àwọn tó ń tà á darí ọkọ̀ sí Íńdíà, Japan àti Gúúsù Kòríà. Nígbà tí ogun dé Ukraine ní 2022, èédú amúnáwá ní Newcastle kọjá US$400 lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ má sì pa èédú méjì pọ̀: èyí tó pọ̀ jù láti agbègbè Hunter ní New South Wales ń lọ sí iléeṣẹ́ amúnáwá, èyí tó ń ti Bowen Basin ní Queensland wá ń lọ sí iléeṣẹ́ irin, níbi tí tọ́ọ̀nù irin kan ti ń jẹ bíi kìlógíráàmù 770 èédú nínú iná ìléru. Ti àkọ́kọ́ máa tètè dín kù bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ń múná wá ní Éṣíà. Ti kejì á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí ìléru ayé ìsinsìnyí ò tíì rọrùn láti pààrọ̀.

Ibùdó èédú Mount Arthur, nítòsí Muswellbrook ní Hunter, fi èyí hàn. BHP, iléeṣẹ́ ìwakùsà tó ni ín, fẹ́ tà á, wọn kò rí ẹni tó máa rà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 wọ́n kéde pé àwọn máa tì í ní 2030. Ìjọba kankan kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn.